Fáànù Tó Gé Ìka Ọ̀gá Sálíù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fà mọ́ mi díẹ̀. N kò ní í sọ pé kí ẹ ṣe fítà, n kò sì ní í sọ pé kí ẹ má ṣe é. Fítà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe ní Ghana níbí, iṣẹ́ náà ni mo sì fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ṣe ní Kaneshie, èmi Ràfíátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Accra. Obìnrin ni mí. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló máa kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo jókòó láti sọ.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ọdún tí ìjọba alágbádá padà dé, tí àwòrán àwọn olóṣèlú bo gbogbo ògiri Accra, ni bàbá mi kú. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Ọ̀gá Sálíù, ará ìlú wa kan náà, tó ní ṣọ́ọ̀bù fítà lẹ́yìn ibùdókọ̀ Kaneshie. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ nínú ọjà níbẹ̀, lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà mí síṣẹ́. Ó ní òun kì í gba obìnrin. Ìyá mi tún padà lọ bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì yẹn, ó ní kí n na ọwọ́ mi jáde. Ó dì í mú ní ọrùn-ọwọ́, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò ní ọjà Agbogbloshie kó tó rà á. Ọwọ́ mi tín-ín-rín, ìka mi sì gùn.

"Yóò wúlò," ló wí.

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá èmi ló ń sọ tàbí ọwọ́ náà.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò, akèrègbè ni. Àwọn nǹkan wà nínú rẹ̀ tí ojú kò lè rí, tí ọwọ́ àwọn ọkùnrin kò sì lè dé, àfi kí wọ́n tú ìdajì ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ìdí tí Ọ̀gá fi gbà mí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kankan fún odidi ọdún kan. Kẹrosíìnì ni mo ń fi fọ nọ́ọ̀tì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí èékánná mi fi dúdú tí kò funfun mọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ dì mí lójú. Á kó irin sí iwájú mi, á ní kí n fọwọ́ kàn án, kí n sọ ohun tó jẹ́.

"Kí nìyí?"

"Mo rò pé nọ́ọ̀tì nọ́ńbà mẹ́wàá ni, Ọ̀gá."

"O rò?" Á gba nọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́ mi, á jù ú padà sínú agolo. "Fítà kì í rò. Wá a jáde. Ìgbà tó bá dá ọ lójú ni kí o tó lanu."

Mo sunkún lábẹ́ aṣọ yẹn ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí bàbá mi kú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kejì fi máa parí, ìka mi ti lójú. Mo lè ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, kí n máa wo ojú ọ̀run, kí n sì sọ fún Ọ̀gá pé wáyà kan ti bó níbẹ̀.

Ó le o. Kì í nà wá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ju ẹgba lọ. Ọjọ́ kan wà tí mo gbàgbé nọ́ọ̀tì kan nígbà tí mo ń to ẹ́ńjìnnì mọ́tò awakọ̀ kan padà. Ọ̀gá rí nọ́ọ̀tì náà nínú abọ́ lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti gbé mọ́tò lọ. Ó wọ bàtà, ó ní kí n tẹ̀lé òun, a sì rìn yí gbogbo ibùdókọ̀ Kaneshie ká nínú oòrùn títí a fi rí awakọ̀ náà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Níṣojú gbogbo wọn ni Ọ̀gá ti sọ fún un ní Twi pé, "Ọmọ iṣẹ́ mi gbàgbé nọ́ọ̀tì kan. Ẹ̀bi mi ni. Gbé mọ́tò padà wá, má tíì kó èrò." Àwọn awakọ̀ náà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà gbé mọ́tò padà, a fi nọ́ọ̀tì náà sí i, kò sì wá sí ọ̀dọ̀ wa mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Bí a ṣe ń padà lọ, mo bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò bá kúkú ti pè é sí kọ̀rọ̀ ni?"

Ó ní, "Èmi lè sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Mọ́tò tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò pé kò ní í bàjẹ́ ní kọ̀rọ̀."

Irú ọkùnrin tó jẹ́ nìyẹn. Mo lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fún mi lómìnira pé mo ti kọ́ṣẹ́ tán, ó ṣe àdúrà fún mi, ìyá mi sì se wàkyè, ìrẹsì àti ẹ̀wà, fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. N kò lọ síbì kankan. Mo dúró tì í gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀.

Ní ayé ìgbà yẹn, etí ni a fi ń mọ àìsàn mọ́tò. Ọ̀gá á mú sukudiráfà gígùn kan, á fi ẹnu rẹ̀ ti ara ẹ́ńjìnnì, á gbé etí lé ìdí rẹ̀, á dijú. Lẹ́yìn náà á na ọwọ́ síbì kan, á ní, "Ibí ni." Kì í sì í ṣì í. Àwọn awakọ̀ máa ń wá láti Jamestown, níbi tí ilé Ọ̀gá wà létí òkun, àwọn mìíràn sì máa ń wá láti Tema, nítorí etí kan ṣoṣo yẹn.

Ìgbà tó yá ni àwọn mọ́tò àlòkù oníkọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti òkè òkun. Nínú wọn ni a ti bá nǹkan kékeré kan pàdé tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Ọ̀kan kò ju ìdérí bíró lọ. Òun ló ń wọn bí omi inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, tàbí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, á sì ran ìròyìn gba inú wáyà lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Bó bá ti bàjẹ́, gbogbo mọ́tò á dà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, kò sì ní í pariwo kankan tí etí lè gbọ́. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà sì tún wá fi í pamọ́ sí ibi tí ó burú jù, lẹ́yìn páìpù, lábẹ́ irin, lẹ́yìn fáànù.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ mi wá wúlò. Mo ra ẹ̀rọ ayẹ̀wò, èyí tí a ń so mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí á sì kọ àìsàn mọ́tò jáde sójú gíláàsì. Kí n tó mọ̀, awakọ̀ á wọlé, á kọjá lára Ọ̀gá lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, á ní, "Alata obìnrin yẹn dà?" Alata ni àwọn ará ibí ń pe àwa Yorùbá. Ọ̀gá á fi ẹnu tọ́ka sí mi, á padà sídìí ohun tó ń ṣe.

N kò ní í purọ́ fún yín: ó dùn mọ́ mi. Mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń fi aṣọ dì lójú lọ. Nígbà mìíràn tí Ọ̀gá bá sọ èrò rẹ̀, màá rẹ́rìn-ín díẹ̀, màá yí ojú ẹ̀rọ náà sí i kó wò ó, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò ríran ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́.

Ọdún kẹtàdínlógún tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ni nǹkan ṣẹlẹ̀.

Bàbá arúgbó ọmọ ẹ̀yà Gà kan wà, Ataa Tẹtẹ, oníbàárà Ọ̀gá láti ìgbà láéláé, tó ń wa takisí kékeré kan tí ó ti gbó. Takisí náà ń mu epo bí omi, èéfín dúdú ń jáde, bó bá sì ti gbóná tí a pa á, kò ní í ṣíná mọ́ títí á fi tutù. Mo so ẹ̀rọ mi mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn gbígbóná omi ni. Nínú mọ́tò yẹn, iwájú ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ náà wà, láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ tó ń mú omi tutù, lẹ́yìn fáànù gan-an. Àyè tó wà níbẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́, mo fi tuntun sí i láìtú nǹkan kan. Ataa Tẹtẹ yìn mí títí.

Ọjọ́ kẹta ó gbé e padà. Àìsàn kan náà. Ẹ̀rọ mi tún ní sẹ́ńsọ̀ ni. Mo tún fi òmíràn sí i. Ó tún padà wá.

Ọ̀gá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ràfí, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀. Wáyà tó so mọ́ ọn ni. Orí wáyà yẹn ti jẹrà."

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ ní sẹ́ńsọ̀ ni."

"Ẹ̀rọ kò fọwọ́ kàn án. Bí ìròyìn kò bá dé, ṣé ẹni tó rán an nìkan ló lè jẹ̀bi ni? Ojú ọ̀nà ńkọ́?"

Mo mọ̀ báyìí pé òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìtìjú ti mú mi níwájú Ataa Tẹtẹ, ìtìjú sì ti di ìbínú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ mọ́tò ayé ìsinsìnyí ṣe é."

Ataa Tẹtẹ wo ilẹ̀. Ó ní, "Ei, Alata," bẹ́ẹ̀ ni ó sọ pé òun fẹ́ lọ ra kẹ́ńkẹ́ jẹ, ó sì jáde. Ó ku èmi àti Ọ̀gá.

Ọ̀gá bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ síwájú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn fáànù. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi. Mo ń gbọ́ bí irin ṣe ń họ ọ́ lára, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọwọ́ tèmi ì bá ti wọlé wẹ́rẹ́. N kò dìde. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí, lórí àga awakọ̀, mo gbé ẹ̀rọ mi lé itan, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sókè sì bo Ọ̀gá lójú mi.

Ó pẹ́ kó tó rí i yọ. Ó ní, "Mo ti yọ orí wáyà náà. Ó ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Sọ̀kalẹ̀ wá wò ó."

N kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ̀rọ mi dá mi láre. Ẹ̀rọ náà kò sì lè ka nǹkan kan àfi bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí ìdajì. Mo yí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Nínú àwọn mọ́tò àtijọ́ oníkábúrétọ̀ tí Ọ̀gá mọ̀, kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìdajì kò lè mú fáànù yí bí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ṣùgbọ́n nínú irú mọ́tò yẹn, bí kọ̀ǹpútà kò bá gbúròó sẹ́ńsọ̀ náà mọ́, á rò pé ewu ti dé, á sì tan fáànù fúnra rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa jóná. Ọ̀gá kò mọ ìyẹn. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i rí, mo sì mọ̀ pé ó ti yọ orí wáyà náà, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi.

Fáànù yí. Mo gbọ́ ìró kan tí n kò ní í júwe fún yín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá, kì í ṣe igbe, ó dà bí ẹni tí wọ́n gbá nínú. Mo pa kọ́kọ́rọ́, mo yọ ọ́, mo bẹ́ sílẹ̀. Ó ti fa ọwọ́ náà jáde, ó fi òsì dì í mú mọ́ àyà. Ìka tí a fi ń tọ́ka àti ti àárín ti lọ.

Mo fi aṣọ wé e, mo pariwo, awakọ̀ trótró kan fi ọkọ̀ èrò rẹ̀ gbé wa. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn la wà, tí orí Ọ̀gá wà léjìká mi, nígbà tó la ojú, tó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé:

"Ràfí, ta ló yí kọ́kọ́rọ́?"

Mo la ọwọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ náà wà níbẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó yí i, Ọ̀gá. Kọ́kọ́rọ́ nìyí lọ́wọ́ mi. Fáànù yẹn dá yí ni."

Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Ó dá yí," ó sì dijú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo rò pé màá sọ òótọ́ fún un bó bá ti jáde ní ọsibítù. Nígbà tó jáde, mo ní kí ojú ọgbẹ́ jiná ná. Nígbà tó jiná, ó ti ń sọ ìtàn náà fún gbogbo ènìyàn bí mo ṣe sọ ọ́ fún un, wọ́n sì ti ń yìn mí pé èmi ni mo sáré gbé e. Lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Ọ̀gá padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Inú wa dùn, nítorí ìka mẹ́ta àti etí rẹ̀ ṣì tó fi ṣiṣẹ́. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kan fún un. Ó dúró síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Yọ bátìrì," ló wí.

Mo yọ ọ́.

"Gbé e jìnnà."

Mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó na ọwọ́, ó fà á padà. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó béèrè bí ọmọdé pé, "Ràfí, ó dá ọ lójú pé kò sí bátìrì mìíràn níbì kankan nínú rẹ̀?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ó ku ẹyọ gbólóhùn kan péré. Mo ní, "Kò sí, Ọ̀gá." Ó mi orí, ó wọ bàtà, ó lọ sílé ní Jamestown. Kò fọwọ́ kan mọ́tò mọ́.

Ṣé ẹ rí i, ìka méjì ni fáànù gé. Èmi ni mo gé ìyókù. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún mọ̀ pé mọ́tò kì í ṣe ohun tí a kò sọ fún un pé kó ṣe, èmi ni mo sọ ọ́ di ẹni tó gbà pé irin lè dá jí, kó bu ènìyàn jẹ. Kò wọ takisí mọ́ bí kò bá di dandan. Iwájú ilé rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, á máa kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ tó ń kọjá pé mọ́tò òde òní ní ẹ̀mí. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. "Baba Tí Mọ́tò Bù Jẹ" ni wọ́n sọ ọ́.

Èmi wá di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kejì ìjàǹbá yẹn, mo ti wo takisí Ataa Tẹtẹ. Wáyà ni. Mo gé orí tó jẹrà náà, mo fi tuntun sí i, takisí náà kò sì ṣàìsàn yẹn mọ́. Fún ọdún mọ́kànlá, mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí n kò lè ka iye rẹ̀. Wọ́n ń rán mọ́tò sí mi láti Kumasi. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún Ọ̀gá, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kúbúrà, á sì máa ṣàdúrà lé mi lórí. Àdúrà yẹn ń ta mí lára bí ata.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kí ó máa kú tipiri ní òwúrọ̀, ó di pé n kò mọ nọ́ọ̀tì nọ́ńbà mẹ́wàá yàtọ̀ sí ti méjìlá mọ́. Dókítà ní iṣan ọrùn-ọwọ́ mi ti fún pọ̀. Mo ta irinṣẹ́ mi, mo sì lọ sọ fún Ọ̀gá pé mo ti fẹ̀yìn tì.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ìyá Kúbúrà ti lọ kí aláìsàn kan. Ọ̀gá jókòó sórí àga rẹ̀ nínú yàrá, ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Àlùhámúdùlílàhí. Ọkàn mi wá balẹ̀. Ràfí, o ò mọ̀, àmọ́ gbogbo àárọ̀ ni mo ń fi ọ́ sínú àdúrà. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí mọ́tò ṣe ọ́ bó ṣe ṣe mí. Ọdún mọ́kànlá."

N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, mọ́tò kò ṣe yín ní nǹkan kan. Èmi ni mo yí kọ́kọ́rọ́."

Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ, ìbínú, bí mo ṣe jókòó tí n kò dìde. Nígbà tí mo parí, ó béèrè pé, "Fáànù náà, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Orí wáyà tí ẹ yọ ló mú un yí, nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́."

"Mọ́tò náà kò ya wèrè?"

"Kò ya wèrè, Ọ̀gá."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Mo mọ̀."

"Ìgbà tí mo dúró níwájú bátìrì yẹn ńkọ́?"

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wò ó bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fún un. Mo ń retí kó bú mi. Mo ń retí kó gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi.

Ó ní, "Dìde nílẹ̀. Máa lọ sílé rẹ."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Kúbúrà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ kò gbé ojú mi. "Wọ́n ní kí n gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí n má sì jẹ́ kí o wọlé. Kí lẹ jọ fà, Ràfí?"

"Ẹ bi wọ́n, Ìyá."

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan."

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń gbé abọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà yẹn. N kò rí i mọ́. Mo máa ń gbọ́ ìró irin nínú àgbàlá nígbà mìíràn, mo rò pé àwọn aládùúgbò ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí pé Ọ̀gá ti kú lójú oorun. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, èmi sì dúró sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin.

Ọjọ́ fìdáù, nígbà tí èrò ti tú ká, Ìyá Kúbúrà fà mí wọ inú yàrá.

Ó ní, "Nǹkan kan wà tí n kò rí sọ fún ọ, torí ọ̀gá yín ní kí n má sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ní kí o má wọlé mọ́, wọ́n ní kí n gbé àpótí sípánà àwọn sílẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rò pé ogbó ti ń da orí wọn rú ni. Wọ́n lọ bá mọ́tò Kwame aládùúgbò wa, mọ́tò tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ ní àgbàlá láti ọdún tó kọjá. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jù ú sápò ara wọn, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ìka mẹ́ta yẹn náà ni! Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin. Mọ́tò náà ṣíná. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò síwájú ilé." Ó nu ojú rẹ̀. "Orin ni wọ́n ń kọ nídìí rẹ̀, Ràfí. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n kọrin láti ọjọ́ tí mọ́tò ti bù wọ́n jẹ. N kò mọ ohun tó dé bá wọn. Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Mo ní n kò mọ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Tèmi lo ọdún mọ́kànlá. Oṣù mẹ́jọ péré ni ọkùnrin yẹn fi mọ òtítọ́ kó tó kú, ó sì lò ó tán pátápátá.

Ìyá Kúbúrà gbá mi mọ́ra lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ọlọ́run á san án fún ọ, ìwọ tó tọ́jú wọn láti ọjọ́ tí nǹkan ti ṣe wọ́n." Mo ní àmín.

Ìyá Kúbúrà ṣì wà ní Jamestown. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń ka ohun tó bá wà ní Yorùbá fún un ní ìrọ̀lẹ́. Ó yẹ kí n ti lọ jẹ́wọ́ fún un fúnra mi kí ìtàn yìí tó kúrò lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì lọ.